Orí Keje: Ta Ni Yóò Kọ́kọ́ Jí? Yíyan Ètò Àkọ́jí fún Ẹ̀rọ Linux Kéékèèké

Aago méje àbọ̀ alẹ́, iná lọ ní Kútọnu. Nínú yàrá tútù kan nítòsí èbúté àwọn apẹja, ẹ̀rọ amúǹkantutù dákẹ́, omi yìnyín sì bẹ̀rẹ̀ sí í kán tó, tó, tó sórí sìmẹ́ńtì. Àpótí kan wà lára ògiri níbẹ̀, kò tóbi ju páálí ṣúgà lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa wo bí yàrá náà ṣe tutù sí, kí ó sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù ẹlẹ́ja bí ooru bá ti kọjá ààlà. Bátìrì rẹ̀ ti gbó, òun náà kú. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago mẹ́jọ lù, iná dé, ó tún lọ kí ènìyàn tó ṣẹ́jú, ó tún dé. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Ohun tí àpótí yẹn yóò ṣe láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 30 tó tẹ̀lé e kò sí lọ́wọ́ ẹlẹ́ja, kò sí lọ́wọ́ SBEE tó ń pín iná. Ọwọ́ ẹni tó yan ètò tó kọ́kọ́ ń jí nínú rẹ̀ ló wà.

Ètò yẹn ni àwọn oníṣẹ́ ń pè ní init. Nínú ìwé yìí, ètò àkọ́jí ni a ó máa pè é. Ibi tí iná kì í lọ ni wọ́n ti kọ ọ̀pọ̀ ìwé tó sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, nítorí náà ìbéèrè wọn ni pé èwo ló yá jù, èwo ló fúyẹ́ jù. Ìbéèrè méjèèjì dára, a ó sì débẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ kí ẹ máa fi síwájú ni pé: bí nǹkan bá bàjẹ́, tí kò sì sí ẹni tó wà nítòsí, kí ni ètò yìí yóò ṣe?

Láti orí iná dé orí nọ́ńbà 1

Bí iná bá ti kan bọ́ọ̀dù, kódù kékeré kan tí wọ́n ti sè mọ́ inú ṣíìpù láti ilé-iṣẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Òun ló ń lọ jí bootloader. U-Boot ni ẹ ó bá pàdé jù nínú wọn lórí àwọn bọ́ọ̀dù kéékèèké. Bootloader á gbé kernel, ìyẹn ọkàn Linux gan-an, sínú RAM, á sì fa iṣẹ́ lé e lọ́wọ́. Kernel á yẹ àwọn ohun èlò wò, á ṣí ibi tí fáìlì wà, lẹ́yìn náà ni yóò wá ètò kan ṣoṣo tí yóò gbé dìde. Bí a kò bá ti fi init= júwe ọ̀nà fún un, yóò wo /sbin/init. Bí kò bá bá a níbẹ̀, yóò wo /etc/init, lẹ́yìn rẹ̀ /bin/init, àti ní ìkẹyìn /bin/sh. Bí gbogbo rẹ̀ bá ṣófo, kernel á kọ ọ́ sójú ẹ̀rọ pé òun kò rí init tó ṣeé lò, á sì dúró gbagidi síbẹ̀.

Ètò tí ó bá rí ló ń jẹ́ nọ́ńbà 1 títí a ó fi pa ẹ̀rọ. Ẹ fi wé baálé nínú agbo ilé ńlá. Gbogbo ètò tí à ń lò lórí ẹ̀rọ náà, bí kì í bá ṣe ọmọ rẹ̀, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni. Bí ètò kan bá kú tó fi ọmọ sílẹ̀, baálé ló ń gba ọmọ òrukàn náà wò. Bí ọmọ yẹn bá sì kú, baálé ló gbọ́dọ̀ sin ín, nítorí pé ní Linux, orúkọ ètò tó kú kì í kúrò nínú ìwé kernel títí òbí rẹ̀ yóò fi béèrè irú ikú tó pa á. Àwọn òkú tí a kò sin wọ̀nyí ni wọ́n ń pè ní zombie. Òkú kan ṣoṣo kò lè ṣe ẹ̀rọ ní nǹkan kan. Bí wọ́n bá pọ̀ jù, wọn á gba gbogbo àyè tó wà nílẹ̀, ẹ̀rọ kò sì ní lè bí ètò tuntun mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan fi ètò Python tí ó kọ fúnra rẹ̀ ṣe nọ́ńbà 1 nígbà kan. Fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, ó ń ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ, inú gbogbo wa sì dùn. Ní ọjọ́ kẹwàá, kò gba àṣẹ kankan mọ́. Ètò rẹ̀ mọ bí a ṣe ń bímọ, kò mọ bí a ṣe ń sìnkú.

Bí nọ́ńbà 1 fúnra rẹ̀ bá wá kú ńkọ́? Kernel kò ní gbìyànjú láti yan òmíràn. Òun náà á ṣubú lójú ẹsẹ̀. Nítorí náà, iṣẹ́ tí ẹ bá fún ètò àkọ́jí ṣe gbọ́dọ̀ kéré tó ohun tó lè ṣe láìkú.

Àwọn tó wà lórí àtẹ

Kí a tó yà wọ́n sọ́tọ̀, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín bóyá ẹ̀rọ yín tilẹ̀ nílò Linux. Ní WoeLab ní Lomé, wọ́n fi ìdọ̀tí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà kọ́ W.Afate ní 2013, ẹ̀rọ tó ń fi ọ̀rá yíyọ́ mọ nǹkan ní ìpele-ìpele, ìròyìn rẹ̀ sì kárí ayé. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń lo ṣíìpù kékeré tí ètò kan ṣoṣo wà nínú rẹ̀. Kò sí kernel Linux, kò sí baálé, iná á dé, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀. Bí iṣẹ́ yín kò bá ju kí a ka ooru, kí a tan gílóòbù lọ, ẹ má wulẹ̀ ra wàhálà Linux. Ẹ wá Linux nígbà tí ẹ bá nílò íntánẹ́ẹ̀tì, fáìlì púpọ̀, kámẹ́rà, tàbí ètò mẹ́rin márùn-ún tí yóò jọ máa ṣiṣẹ́.

Àgbà nínú wọn ni SysVinit. Orúkọ rẹ̀ ti ara Unix System V wá, èyí tí AT&T gbé jáde ní 1983. Miquel van Smoorenburg ló kọ èyí tí a mọ̀ fún Linux. Ó máa ń pe àwọn ètò níkọ̀ọ̀kan, bí olùkọ́ tó ń pe orúkọ nínú rẹ́jísítà: ti àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ dáhùn kí ó tó pe ìkejì.

BusyBox ni ìkejì. Bruce Perens bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1995, nítorí ó fẹ́ kí ohun èlò tí wọ́n fi ń gbé Debian sórí kọ̀ǹpútà lè wọ inú díìsìkì pẹlẹbẹ kan tí kò gbà ju mẹ́gábáìtì 1.44 lọ. Fáìlì kan ṣoṣo ni, ọgọ́rọ̀ọ̀rún àṣẹ ló wà nínú rẹ̀, ètò àkọ́jí sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní runlevel, ìyẹn ipò onínọ́ńbà tí SysVinit máa ń fi ẹ̀rọ sí. Ìwé kan ṣoṣo ló ń kà, /etc/inittab. Bí ẹ bá fi Buildroot kọ́ ẹ̀rọ láìyí nǹkan kan padà, òun ni ẹ ó bá níbẹ̀.

Lennart Poettering àti Kay Sievers gbé systemd jáde ní 2010. Dípò kí ó pe ètò níkọ̀ọ̀kan, ó máa ń jí ọ̀pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń mọ èyí tó gbára lé èkejì, ó ń so okùn mọ́ ọmọ àti ọmọ-ọmọ ètò kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má baà sá lọ, ó sì ń kọ àkọsílẹ̀ gbogbo rẹ̀. Fedora 15 gbà á ní 2011. Ní oṣù kejì 2014, ìgbìmọ̀ Debian dìbò lórí rẹ̀, ìbò sì pín sí mẹ́rin-mẹ́rin, àfi ìgbà tí alága wọn fi ìbò tirẹ̀ já a. Ìjà náà le débi pé àwọn kan ya kúrò lọ dá Devuan sílẹ̀. Ẹ ó rí àwọn tó ṣì ń fi ìjà yẹn ṣe ẹ̀rí títí di òní. Mo bẹ̀ yín, ẹ má gbé e wọ inú iṣẹ́ yín. Orí sáfà àti kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ni àwọn baba wọ̀nyẹn ti jà, àpótí ẹlẹ́ja kò sí níbẹ̀.

Lórí ráútà, ẹ ó bá procd tí àwọn ará OpenWrt kọ fún ara wọn. Inú fóònù Android tó wà lápò yín ni ẹ ó ti bá init tirẹ̀ náà, tó ń ka fáìlì init.rc. OpenRC wà, òun ni Alpine ń lò. Runit àti s6 náà wà, wọ́n kéré, wọ́n sì mọ́, àwọn tó mọ̀ wọ́n fẹ́ràn wọn, ṣùgbọ́n ẹ kò ní tètè rí ẹni tó mọ̀ wọ́n ní ìlú yìí.

Ohun kan tún wà tí a kì í fiyè sí. Ní BloLab níhìn-ín ní Kútọnu, àwọn ọ̀dọ́ ti ń to ẹ̀yà kọ̀ǹpútà àlòkù sínú kẹ́ẹ̀gì ike láti fi ṣe kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Jerry. Bí ènìyàn bá gbé Linux tí wọ́n ti dì sílẹ̀ sínú irú kẹ́ẹ̀gì bẹ́ẹ̀, ètò àkọ́jí ti wà nínú rẹ̀ nìyẹn, ẹni tó di í ló bá a yàn. Ọ̀rọ̀ Raspberry Pi náà rí bẹ́ẹ̀: láti 2015 ni systemd ti wà nínú Linux tí àwọn tó ṣe é ń pín. Ẹni tí kò yàn ti yàn. Kí a ṣáà mọ ohun tí a gbà.

Nígbà tí iná bá lọ

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní Kútọnu kò nílò kí n ṣàlàyé délestage fún yín. Láti 1968 ni Benin àti Tógò ti jọ dá CEB sílẹ̀ nítorí iná, púpọ̀ nínú iná tí a ń lò sì ti Gánà àti Nàìjíríà wá fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí omi ìdídò Akosombo fà ní 1998, òkùnkùn tó bo Accra dé Lomé, ó dé Kútọnu. Ilé amúnáwá Maria-Gléta onímẹ́gáwáàtì 127 tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2019 ti dín ìyà náà kù. Síbẹ̀, ẹni tó bá ń ṣe ẹ̀rọ fún ìlú yìí gbọ́dọ̀ ṣe é bí ohun tí iná yóò já gbà lọ́wọ́ rẹ̀ láìkìlọ̀, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan.

Ibi tí wàhálà ti ń wá ni orí káàdì. Bí iná bá lọ nígbà tí ẹ̀rọ ń kọ nǹkan sílẹ̀, ext4, ètò tó ń to fáìlì sórí káàdì, ní ìwé àkọsílẹ̀ tí yóò fi tún ara rẹ̀ ṣe nígbà tó bá jí. Ṣùgbọ́n káàdì SD náà ní kọ̀ǹpútà tirẹ̀ nínú, èyí tó máa ń ṣí nǹkan nípò láti ibì kan sí ibòmíràn láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Bí iná bá já a lẹ́nu iṣẹ́ yẹn, fáìlì tí ẹ kò fọwọ́ kàn láti oṣù mẹ́ta lè bàjẹ́. Kò sí ètò àkọ́jí tó lè wo àrùn yìí sàn. Ohun tí a lè ṣe ni kí a dín ìkọ̀wé kù: kí fáìlì ètò wà ní kíkà nìkan, kí àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ wà nínú RAM, kí a sì ya ojú kan lórí káàdì sọ́tọ̀ fún ìwọ̀nba ohun tí kò gbọ́dọ̀ sọnù.

Níbí ni BusyBox ti ń wù mí. Fúnra rẹ̀, kò kọ nǹkan kan sórí káàdì. Ohun gbogbo tí ẹ̀rọ bá kọ, ẹ̀yin lẹ ní kó kọ ọ́, ẹ sì lè ka gbogbo ìlà tó wà nínú rẹ̀ tán kí kọfí tó tutù. A lè fi systemd ṣe irú rẹ̀: ẹ kọ Storage=volatile sínú ìwé ètò journald, kí àkọsílẹ̀ máa wà nínú RAM. Ṣùgbọ́n àwọn ètò tó ń fẹ́ kọ nǹkan sínú /var pọ̀, ẹ ó máa wá wọn rí ni.

Ọ̀fìn kan wà lọ́nà systemd tó ti gbé ọ̀pọ̀ mì. Bí ẹ bá kọ ọ́ sínú /etc/fstab pé kí ó so díìsìkì USB kan mọ́ ẹ̀rọ, tí ẹnì kan sì ti yọ díìsìkì náà lọ da fíìmù sí i, systemd á dúró dè é fún ìṣẹ́jú-àáyá 90. Bí kò bá dé, kò ní jẹ́ kí ẹ̀rọ jí délẹ̀. Á lọ sí ipò pàjáwìrì, á máa retí kí ẹnì kan tẹ bọ́tìnnì lórí kíbọ́ọ̀dù. Àpótí ara ògiri kò ní kíbọ́ọ̀dù. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni oògùn rẹ̀, nofail, tí a ó kọ mọ́ ìlà díìsìkì náà.

Ètò tó kú, ta ni yóò jí i?

Gbogbo ètò ló ń kú. Ohun tó ya àwọn ètò àkọ́jí sọ́tọ̀ ni iye ìgbà tí wọ́n múra tán láti jí òkú. Ẹ fara balẹ̀ níbí, nítorí pé ibi yìí gan-an ni ẹ̀rọ ti máa ń já ènìyàn kulẹ̀ ní ìgboro.

BusyBox kì í sú. Ètò tí ẹ bá kọ respawn sí nínú inittab, bí ó bá kú nígbà ẹgbẹ̀rún, yóò jí i nígbà ẹgbẹ̀rún. SysVinit ní sùúrù tó ní ààlà: bí ètò bá kú ju ìgbà 10 lọ láàárín ìṣẹ́jú 2, á pa á tì fún ìṣẹ́jú 5, á tún padà gbìyànjú. Procd máa ń dúró ìṣẹ́jú-àáyá 5 kí ó tó jí ètò. Ètò tí kò bá lè lo wákàtí kan láyé kí ó tó kú, á jí i ní ìgbà márùn-ún, lẹ́yìn èyí á jọ̀wọ́ rẹ̀, àfi bí ẹ bá fi 0 sí ipò iye ìgbà náà.

Systemd ńkọ́? Bí ẹ bá kọ Restart=always tí ẹ kò fi nǹkan mìíràn kún un, kò ní dúró ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá kí ó tó jí ètò. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti jí i ní ìgbà márùn-ún láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 10, ó parí. Kò tún ní fọwọ́ kàn án mọ́ títí ẹnì kan yóò fi wá pàṣẹ. Orí sáfà, ìwà yìí mọ́gbọ́n dání, nítorí ẹni tó ń ṣọ́ sáfà yóò rí iná pupa. Orí àpótí tí kò sẹ́ni tó ń wò ó, always náà kì í ṣe «nígbà gbogbo».

Owó ìwé tí mo san lórí ẹ̀kọ́ yìí kò kéré. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024, okùn íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí Abidjan. Benin wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó fara gbá a. Mo ní àpótí ilé-ìkàwé kan ní ilé-ẹ̀kọ́ kan nígbà náà. Ètò kan nínú rẹ̀ máa ń ka iye ìwé tí àwọn ọmọ ṣí lóòjọ́, á sì fi ránṣẹ́ sí sáfà kan lókè òkun. Mo ti sọ fún systemd pé kí ó dúró de network-online kí ó tó jí ètò náà, mo rò pé mo gbọ́n. Ṣùgbọ́n ohun tí network-online ń wò ni bóyá ẹ̀rọ ti rí àdírẹ́sì gbà lọ́wọ́ ráútà. Ráútà wà láàyè, ó fún un ní àdírẹ́sì, òkun ló dí. Ètò mi jí, ó pe sáfà, kò rí i, ó kú. Ó jí, ó kú. Ìgbà márùn-ún kò gbà ju ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan lọ. Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì padà dé, àwọn ọmọ ń ka ìwé wọn lọ, sáfà sì ń retí ìròyìn tí kò wá. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún kọjá kí n tó gun ọ̀kadà zémidjan lọ síbẹ̀ lọ tẹ àṣẹ kan ṣoṣo. Ẹ̀bi mi ni, kì í ṣe ti systemd: ìlà méjì ni mi ò kọ.

Ìlà méjì náà nìyí, pẹ̀lú èyí tí mo ti kọ́kọ́ kọ:

StartLimitIntervalSec=0
Restart=always
RestartSec=10

Ti òkè, abẹ́ apá Unit ló ń gbé, àwọn méjì yòókù ń gbé abẹ́ Service. Ti òkè ló mú ààlà ìgbà márùn-ún kúrò. Ti ìsàlẹ̀ ló ní kí ó sinmi ìṣẹ́jú-àáyá 10 láàárín ikú kan àti èkejì. Ẹ má fi ti òkè sílẹ̀ láìsí ti ìsàlẹ̀. Ètò tó ń kú tó ń jí ní ìgbà mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, tó sì ń kọ ẹ̀hónú rẹ̀ sórí káàdì nígbà kọ̀ọ̀kan, yóò jẹ káàdì náà tán. Ewu kan náà ló wà nínú àìsú BusyBox.

Ohun tó tún dára ju ìlà méjèèjì lọ ni kí ètò náà má kú nítorí pé kò rí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí ó tọ́jú ìròyìn rẹ̀, kí ó tún gbìyànjú lọ́la.

Ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, 1970

Kí Raspberry Pi 5 tó dé, kò sí Raspberry Pi tó ní aago tó ń rìn nígbà tí iná bá lọ. Ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù olówó pọ́ọ́kú náà kò ní. Bí irú wọn bá jí láìsí ìrànlọ́wọ́, wọ́n máa ń gbà pé ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1970 la wà. Bí ètò yín bá wá fẹ́ bá sáfà sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀, yóò wo ìwé-ẹ̀rí sáfà náà, yóò rí i pé ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kò tíì pé, yóò kọ̀ ọ́. Ohun tí ẹ ó rí ní ìta ni pé «íntánẹ́ẹ̀tì kò ṣiṣẹ́», ẹ ó sì máa yí eríàlì kiri lásán.

Systemd ti ro èyí. Timesyncd máa ń tọ́jú aago tó rí kẹ́yìn sínú fáìlì, kí ẹ̀rọ lè ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà tó bá tún jí. Pẹ̀lú BusyBox, ẹ̀yin ni yóò kọ ọ́ sínú rcS, ìwé àṣẹ tó máa ń kọ́kọ́ ṣe. Bó ṣe wù kó rí, bí ọjọ́ bá ṣe pàtàkì sí iṣẹ́ yín, ẹ ra ṣíìpù aago DS3231 tó ní bátìrì pẹlẹbẹ tirẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ètò àkọ́jí kà á kí ó tó jí ẹnikẹ́ni.

Ẹni tó ń ṣọ́ olùṣọ́

Ètò lè má kú, kí ó kàn dákẹ́, bí ẹni tó lajú sun. Respawn kò lè ràn án lọ́wọ́ nítorí pé kò kú. Fún èyí, ọ̀pọ̀ ṣíìpù ní watchdog nínú: aago kan tó ń ka ìṣẹ́jú-àáyá lọ sílẹ̀, tí yóò sì pa ẹ̀rọ tí yóò tún un tàn bí ẹnikẹ́ni kò bá kàn án lára kó tó dé òdo. Ti Raspberry Pi kò lè kọjá nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 15. Procd máa ń kàn án fúnra rẹ̀. BusyBox ní àṣẹ watchdog fún un. Systemd ń fi RuntimeWatchdogSec ṣe é, ó sì tún ní ohun tí àwọn yòókù kò fi bẹ́ẹ̀ ní: WatchdogSec fún ètò kọ̀ọ̀kan. Ètò náà gbọ́dọ̀ máa ránṣẹ́ sí baálé lóòrèkóòrè pé òun wà láàyè. Bí kò bá ránṣẹ́, baálé á pa á, á sì jí i dìde tuntun bí a bá ti kọ Restart fún un. Bí ẹ bá fi ètò kan lásán máa kan aago ṣíìpù náà, ẹ ti fi hàn pé kernel wà láàyè ni. Ẹ kò tíì fi hàn pé ètò tó ń ka ooru ń ka ooru.

Ìwọ̀n, àti ẹni tí yóò tún un ṣe

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n kò gùn. BusyBox pẹ̀lú ohun gbogbo tó wà nínú rẹ̀ kì í ju nǹkan bíi mẹ́gábáìtì kan lọ. Systemd ń gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlọ́po rẹ̀, ó sì ti pẹ́ tó ti ń béèrè glibc, nígbà tí àwọn ẹ̀rọ tó kéré jù sábà máa ń lo musl. Lórí ráútà tó ní mẹ́gábáìtì 8 fún fáìlì àti 64 fún RAM, ẹ má wulẹ̀ dán an wò. Lórí Pi tó ní 512, ó gbà á láìsọ̀rọ̀. Ní ti yíyára, ẹ má gbọ́ ti ẹnikẹ́ni, ẹ wọ̀n ọ́n. Systemd ní systemd-analyze blame, tó ń to àwọn ètò bí wọ́n ṣe pẹ́ tó, àti critical-chain, tó ń fi ẹni tó dá ẹni dúró hàn. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ ó rí i pé ètò kan tó ń dúró de nǹkan tí kò wá ló jẹ àkókò náà. Èyí tó ń dúró de íntánẹ́ẹ̀tì fún networkd lè dúró tó ìṣẹ́jú-àáyá 120.

Ẹni tí yóò tún un ṣe ló yẹ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn. Bí àpótí bá bàjẹ́ ní Kétu tàbí ní Parakou, ta ló máa ṣí i? Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀dọ́ tó fi Ubuntu kọ́ iṣẹ́. Ó mọ systemctl status, ó mọ journalctl. Ìlà mẹ́wàá tó kẹ́yìn nínú àkọsílẹ̀ á sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Bí ó bá bá BusyBox, kò sí irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ àfi bí ẹ bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ dè é. Lójú tèmi, níbi tí RAM bá ti tó mẹ́gábáìtì 256 tí ètò sì ju mẹ́ta lọ, ìmọ̀ tí ẹni yẹn ti ní tẹ́lẹ̀ níye lórí ju mẹ́gábáìtì tí ẹ fẹ́ fi pamọ́.

Àpótí méjì

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ ẹlẹ́ja. Bọ́ọ̀dù rẹ̀ ní RAM mẹ́gábáìtì 64. Ètò kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, a pè é ní oluso. Mo yan BusyBox, inittab rẹ̀ kò sì ju èyí lọ:

::sysinit:/etc/init.d/rcS
::respawn:/usr/bin/oluso
::ctrlaltdel:/sbin/reboot
::shutdown:/bin/umount -a -r

Àmì méjì tó ṣáájú ìlà kọ̀ọ̀kan ń fi hàn pé a fi àyè méjì sílẹ̀ lófo. Ti àkọ́kọ́ wà fún ojú ẹ̀rọ tí ètò yóò kọ̀wé sí, a kò sì ní in. Ìkejì wà fún runlevel, tí BusyBox kò kà sí. Ìlà kìíní ń ka aago, ó ń yẹ ojú kékeré tí a yà sọ́tọ̀ wò, lẹ́yìn náà ó ń ṣí i. Ìlà kejì ni iṣẹ́ gan-an. Oluso fúnra rẹ̀ ló ń kan watchdog, lẹ́yìn tó bá ti ka ooru tán nìkan. Bí ó bá kú, á jí. Bí ó bá dákẹ́, gbogbo ẹ̀rọ á tún tàn. Ìlà tó kẹ́yìn kì í sábà ṣiṣẹ́, nítorí SBEE kì í tẹ bọ́tìnnì kí iná tó lọ. Mo fi sílẹ̀ fún ọjọ́ tí ọmọ ènìyàn bá fẹ́ pa á bí ó ti yẹ.

Àpótí kejì ni ilé-ìkàwé ilé-ẹ̀kọ́: Raspberry Pi 3, RAM gígábáìtì 1, Wikipedia odindi lórí Kiwix, hostapd tó ń tan Wi-Fi, dnsmasq tó ń pín àdírẹ́sì, ètò tó ń ka iye ìwé, díìsìkì USB. Systemd ni mo yàn. Àwọn ètò yìí gbára lé ara wọn: kò sí àǹfààní kí dnsmasq jí kí Wi-Fi tó tàn. Nofail wà lára ìlà díìsìkì báyìí, Storage=volatile wà, ìlà mẹ́ta ọ̀rọ̀ ìjíǹde wà lára ètò kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tó ń dúró de network-online mọ́. Ilé-ìkàwé kò nílò òkun.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Ẹ mú ẹ̀rọ Linux èyíkéyìí tó wà lárọ̀ọ́wọ́tó yín. Ẹ tẹ ls -l /sbin/init. Ibo ni fáìlì náà nà sí? Ta ló yàn án fún yín?

2. Ẹ kọ ètò tó ń kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ fi Restart=always nìkan gbé e sábẹ́ systemd, kí ẹ sì ka iye ìgbà tí yóò jí. Ìgbà márùn-ún kọ́ ni yóò dá dúró sí bí ẹ bá fi RestartSec=3 kún un. Ẹ fi ààlà ìṣẹ́jú-àáyá 10 ṣàlàyé ìdí rẹ̀.

3. Ẹ kọ́ àpótí ẹlẹ́ja pẹ̀lú Buildroot. Nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, ẹ fa wáyà rẹ̀ yọ láìpa á, ẹ dúró díẹ̀, ẹ tún un kì bọ̀ ọ́. Ẹ ṣe é ní ìgbà 100, ní àkókò tó yàtọ̀ síra: nígbà tó ń jí, nígbà tó ń kọ̀wé, nígbà tó ń ránṣẹ́. Ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ bí ó ṣe pẹ́ tó kí ooru àkọ́kọ́ tó jáde. Ìgbà èyíkéyìí tí kò bá jí, ẹ má tẹ̀ síwájú títí ẹ ó fi mọ ìdí rẹ̀.